Ohun Tí Ògbufọ̀ Ń Fi Sílẹ̀



Ẹ̀sùn kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn àlejò wa. Awo yóò sọ̀rọ̀ títí, ògbufọ̀ yóò fi gbólóhùn méjì tú u, àlejò yóò sì máa wò wá bí ẹni pé a fi nǹkan pa mọ́ fún òun. (Òótọ́ ni pé awo ní ohun tí kì í sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ òní.)

Ohun tó kọ́kọ́ ń jábọ́ ni èyí tí ìrántí kò lè gbé. Àwa tí a fi ọdún púpọ̀ kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ olúwo, a lè ki ẹsẹ gígùn láìdánu dúró. Ògbufọ̀ kò kọ́ irú rẹ̀. Ìtàn inú ẹsẹ ni yóò dì mú. Orúkọ àwọn awo tó dá Ifá náà yóò sọnù, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọ̀nyí a máa gbé kókó ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mo dá lẹ́bi èyí. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́jọ́ àwọn aṣáájú ìjọba Hitler ní Nuremberg ní 1945 sí 1946, iná aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń tàn fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti yá jù fún ògbufọ̀. Àwa kò ní iná, ṣùgbọ́n a ní ojú.

Òmíràn kò ní ibi tí yóò dúró sí nínú èdè kejì. Bí a bá fi ewé tẹ̀tẹ̀ wúre pé kí ire tètè dé, orúkọ ewé náà ló ń ṣiṣẹ́. *Bledo* ni àwọn ará Kúbà ń pe irú ewé yìí. Kò sí ìyára kankan nínú orúkọ yẹn. Ògbufọ̀ á dárúkọ ewé, á sì kọjá.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù. Ifá lè ká àgbàlagbà obìnrin kan, tó ti òkè òkun wá, lọ́wọ́ kò pé kó jáwọ́ nínú ọtí, kó má sì purọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀. Ògbufọ̀, ọmọ tí a tọ́ pé a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbà lójú, á rọra ní, “Mọ́mì, Ifá ní kí ẹ máa tọ́jú ara yín.” Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni òun bù fún un. Obìnrin náà á dúpẹ́, á nọ́wó ẹbọ, á sì padà sọ́dà òkun láìmọ èèwọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un lọ́hùn-ún?

Nítorí náà, ẹ̀yin awo, ẹ máa dánu dúró lẹ́yìn ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí àlejò tó dìde lórí ẹní, kí ògbufọ̀ bi í ní èdè rẹ̀ ohun tó gbọ́ pé ó jẹ́ ẹbọ àti èèwọ̀ òun, kó sì tún un sọ fún yín ní Yorùbá. Bí ojú bá ń ti ògbufọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ kan, kó fi tó yín létí níbẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́.