Ilà Ojú Ọkọ̀ Òfuurufú: Ìrántí Pápá Ìkẹjà àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Inú mi dùn pé Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ wa gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì, tí ó sì gbé e wá sí ìlú tí a bí mi sí. Àwọn kan lè máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan Ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní èdè àti àṣà Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ìdáhùn mi kò gùn. Mímọ ohun tí ń kọjá lórí ẹni, mímọ orúkọ rẹ̀, àti kíkọ ọ́ sílẹ̀, ìmọ̀ ni. Àwùjọ tí kò bá ní ìmọ̀ yìí, ẹlòmíràn ni yóò máa sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Èyí gan-an ni mo fẹ́ fi hàn lónìí.

1. Bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọdún 1925 ni ọkọ̀ àwọn ọmọ-ogun òfuurufú Ìlú Ọba gbéra láti Íjíbítì, tí wọ́n sì bà sí Kánò. Ní ọdún 1936, ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí gbé lẹ́tà àti èrò wá sí Kánò, kí ọdún náà sì tó parí wọ́n ti dé Èkó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa di ọkọ̀ òfuurufú sínú àpótí ńláńlá, wọn a fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn wá sí Takoradi ní ilẹ̀ Gánà òde òní, wọn a tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọn a sì fi wọ́n fò gba Èkó, Kánò, Màídúgùrì àti Kàtúùmù lọ sí Káírò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó gba ọ̀nà yìí kọjá. Àkókò ogun náà ni a kọ́ pápá Ìkẹjà.

Ní ọdún 1946, àwọn ilẹ̀ mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ilé-iṣẹ́ West African Airways Corporation sílẹ̀. Nígbà tí Gánà yọwọ́, Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1958, ìyẹn Nigeria Airways, tí ó wà títí a fi tì í pa ní ọdún 2003.

2. Kíka ilà

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ọjà, kí ó tó lanu sọ̀rọ̀ ni àwọn tí ó mọ ilà ti mọ ibi tí ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfuurufú rí. Òfin àgbáyé ni pé kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà orílẹ̀-èdè rẹ̀ sára. G ni ti Ìlú Ọba, F ni ti Faransé, PH ni ti Họ́láńdì, HB ni ti Switzerland, OD ni ti Lẹ́bánọ́ọ̀nù. Ti Gánà ni 9G, ti Tógò ni 5V. Àwa ń jẹ́ VR-N nígbà tí a wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn òmìnira ni a di 5N. Ìyípadà kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ilà òmìnira ni a kọ sára irin.

Yàtọ̀ sí lẹ́tà, ìrísí tún wà. Dakota, bí ó bá wà nílẹ̀, a gbé imú sókè bí ajá tí ó fi ìdí jókòó, nítorí pé táyà kékeré ni ó wà lábẹ́ ìrù rẹ̀. Ti Fokker F27, apá rẹ̀ wà lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke. VC10 kó ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdí, apá rẹ̀ sì mọ́ láìsí ohun tí a so kọ́ ọ. Ọdẹ tí ó mọ ipasẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ìgalà kò ṣe ju èyí lọ.

3. Ìkẹjà nígbà èwe mi

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe alágbàrù ní pápá náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń lo ìsinmi. Ilé èrò ìgbà náà kò tóbi. Òkè kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń juwọ́ sí arìnrìn-àjò. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, odindi agboolé ni yóò wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, nínú aṣọ ẹbí, pẹ̀lú onílù. Ìyá yóò máa sunkún, bàbá yóò máa ṣe bí ẹni tí kò sunkún. Àwọn tí ó ṣáájú wọn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ ní Àpápá, ìdágbére a sì pẹ́ kí ó tó parí; ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró de ẹkún. Bí ó bá ti wọ inú àwọsánmà, ó parí.

Èmi ń wo èrò, mo sì ń wo ọkọ̀. Mo ní ìwé kan àti pẹ́ńsù. Mo ń kọ ọjọ́, wákàtí, lẹ́tà ara ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, àti ibi tí ó kọjú sí. Bí mo bá padà sí Òdògbolú, mo a máa wo àwọn tí ń gba orí oko wa kọjá láti Bìní àti Ẹnúgú, mo a sì pè wọ́n lórúkọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ẹ má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni pápá yẹn rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1964, nígbà tí ilé-iṣẹ́ BOAC kọ́kọ́ fi VC10 gbé èrò tí ó sanwó, kì í ṣe New York ni ó lọ. Láti Lọ́ńdọ̀nù, Èkó ni ó wá. Àwọn tí ó dúró ní Ìkẹjà ní àkókò náà wà níbi tí ìtàn ayé ti ń ṣẹlẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1969, VC10 Nigeria Airways tí ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, 5N-ABD, já sínú igbó nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó bà sí Ìkẹjà. Àwọn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún (87) tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí VC10 yóò pa èrò. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ náà ni ọ̀fọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

4. Ọkọ̀ tí kò ní ilà

Láàárín ọdún 1968 sí oṣù kìíní ọdún 1970, pápá tí kò tóbi tí ọwọ́ rẹ̀ sì dí jù ní ilẹ̀ wa kì í ṣe pápá gidi. Apá kan òpópónà tí àwọn Bìáfúrà fẹ̀ lójú ní Úlì, nítòsí Ìhíálà, ni. Òru ni ọkọ̀ ń bà síbẹ̀, ju ogún lọ ní òru mìíràn, láti São Tomé àti Fernando Po tí a ń pè ní Bioko báyìí. Wọn a tan iná ojú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a sì pa á. Àwọn kan gbé oúnjẹ àti oògùn, àwọn kan gbé ohun ìjà, àwọn mìíràn sì ti pa ilà ara wọn rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí ó rán wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, ọkọ̀ ogun òfuurufú Nàìjíríà yìnbọn já ọkọ̀ DC-7 tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Àgbélébùú Pupa. Bí a bá wo èyí dáadáa, a ó rí i pé ilà ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ẹlẹ́rìí ni.

5. Ohun tí ó sọnù

Nígbà tí bọ́ǹbù Bìáfúrà bọ́ sí Èkó ní ọdún 1967, bàbá mi bá ìwé mi lábẹ́ ẹní. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, bí wọ́n bá bá èyí lọ́wọ́ rẹ, amí ni wọn yóò pè wá.” Ó jù ú sínú iná àdògán. N kò dá a lẹ́bi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ìṣọ́ra ni ó jóná.

Ní Ìlú Ọba, àwọn tí ń wo ọkọ̀ òfuurufú bí mo ti ń wò ó dá ẹgbẹ́ Air-Britain sílẹ̀ ní ọdún 1948, wọ́n sì ń tẹ ìwé jáde nípa ọkọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè, títí kan tiwa. Bí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ mọ ohun tí 5N kan gbé ṣe kí ó tó di pàǹtí, irú ìwé wọn ni yóò ṣí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, kí a sì wá máa bẹ àlejò pé kí ó júwe rẹ̀ fún wa. Ilé èrò Ìkẹjà tí à ń lò fún ìrìn-àjò abẹ́lé jóná ní ọdún 2000. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007. Ilé ṣeé tún kọ́. Ìrántí inú rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ju fàájì lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ADC já sí Ẹjìnrìn, ìlú ọjà etí ọ̀sà tí àwọn ìyá wa ń ná. Ènìyàn mẹ́rìnlélógóje (144) ni ó kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ Bellview gbéra láti Ìkẹjà pẹ̀lú ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́fà (117), ó sì pòórá. Ìròyìn tí ó kọ́kọ́ jáde sọ pé Kíṣì ni ó já sí, ní òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Abúlé Lísà ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, kò jìnnà sí Ìkẹjà. Àwọn ará abúlé ni ilẹ̀ mì mọ́ lẹ́sẹ̀. Ibo ni à bá kọ́kọ́ wá òkú wa bí a bá ní àṣà pé kí ẹni tí ó rí nǹkan lójú ọ̀run kọ wákàtí àti ibi tí ó kọjú sí, kí a sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́?

6. Àbá

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí Ẹ̀ka wa gba ohùn àwọn alágbàrù, awakọ̀, amúṣẹ́ẹ́ṣe ẹ́ńjìnnì àti àwọn obìnrin tí ó tajà ní Ìkẹjà àtijọ́ sílẹ̀, ní èdè tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n tó lọ tán. Èkejì, kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ohun iṣẹ́ wọn jọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu òṣìṣẹ́ jáde a máa pẹ́ ju èyí tí ìgbìmọ̀ rò lọ. Ẹ̀kẹta, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ìrìn díẹ̀ sí ibi tí a jókòó sí yìí. Kí àwọn ilé-ìwé Òdògbolú bẹ̀rẹ̀ ìwé tiwọn lórí rẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ilà, ibi tí ọkọ̀ kọjú sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe ọmọ tí ó ń ṣe é ní amí.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ó yẹ kí àwa tí a wà nísàlẹ̀ lè sọ èwo ni ó kọjá, àti ìgbà tí ó kọjá.