Ẹ Wọ̀n Ọ́n, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ bàálù ni a fẹ́ sọ. Ẹ má ṣe wí pé, "Kí ló kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàálù?" Ẹ fara balẹ̀, ó kàn wá.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Massè lè gun alùpùpù lọ. Ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì láàrin òkun ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà nínú aṣálẹ̀ ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ tó ni iṣẹ́ a máa háyà bàálù kékeré tàbí hẹlikọ́pítà láti gbé òṣìṣẹ́ lọ, kí ó sì gbé wọn bọ̀. Ní Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Aero Contractors bẹ̀rẹ̀ ní 1959, Bristow sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1960. Àwọn méjèèjì ti gbé òṣìṣẹ́ epo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ọmọ wa ń lọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Bí ọmọ rẹ bá dé iwájú irú bàálù bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní kó gun orí ìwọ̀n, òun àti ẹrù rẹ̀. Akọ̀wé yóò kọ kílò rẹ̀ sínú ìwé. Kì í ṣe àbùkù. Nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni.

Ẹ wo alùpùpù tí wọ́n di àpò àgbàdo mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú a fúyẹ́, kò ní gbọ́ràn sí ọwọ́ mọ́. Bàálù rí bẹ́ẹ̀ náà. Ohun méjì ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀: èkínní, kílò mélòó ni gbogbo ẹrù, èkejì, ibo ni ẹrù náà wúwo sí, ṣé iwájú ni tàbí ẹ̀yìn.

Ẹ rántí Cotonou. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003, Boeing 727 kan ti ilé-iṣẹ́ UTA ti ilẹ̀ Gíní fẹ́ gbéra níbẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà Beirut. Kò lè gòkè dáadáa. Ó kọlu ilé kékeré kan ní òpin pápá, ó sì já sí etí òkun. Àwọn tó kú lé ní 130. Ìwádìí fi hàn pé ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, pé ó wúwo sí iwájú, àwọn awakọ̀ kò sì mọ bó ti wúwo síwájú tó. Bàálù ńlá nìyẹn o. Kí ni ká wá wí nípa kékeré?

Ẹ mú sìléètì yín, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní bàálù kan lè gbé 800 kílò, ènìyàn àti ẹrù. Ènìyàn 8 wọ̀ ọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 75 kílò: 600 nìyẹn. Ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 kílò: 160 nìyẹn. Àpapọ̀ jẹ́ 760. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi gàrí 10 kílò pamọ́, tí kò gbé e sórí ìwọ̀n, àpapọ̀ di 840. Ìwé ṣì ń sọ pé 760. Ìwé purọ́, awakọ̀ sì gbà á gbọ́. Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Gbogbo wọn ni.

Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín: ẹ má ṣe fi ẹrù pamọ́. Ẹ fi ojú ara yín ka òǹkà tó wà lójú ìwọ̀n. Ẹ wo ohun tí akọ̀wé kọ. Bí kò bá bára mu, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ òǹkà kò lè ṣe èyí. Òǹkà tí ẹ fi ń wo ìwọ̀n àgbàdo yín lọ́jà, òun náà ni.

Ìbéèrè yín nìyí: kílò mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí bàálù yẹn tó lè gbéra? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.

Ó dàbọ̀ o.