Àpáàdì Tí Ọkọ́ Ń Hú Jáde Lóko

Ọ̀rọ̀ wa ti òní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò tí ń ba àgbàdo jẹ́. Ọ̀rọ̀ àpáàdì ni. Ẹ má tíì pa rédíò yín. Bí ẹ bá fetí sí i dé ìdí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ oko náà ni.

Kò sí ẹni tó ń kọ ebè nínú wa tí ọkọ́ rẹ̀ kò tíì kan àpáàdì rí. Ọkọ́ á dún kẹ́ẹ́n, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó mú un, a ó sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ oko. Ẹlòmíràn a máa fi í sọ̀kò lu àparò. Ibi tí irú èyí ti pọ̀ jù ni igbó tí àwọn baba wa ń pè ní ahoro, ìyẹn ibi tí ìlú tàbí abúlé wà tẹ́lẹ̀ kí ogun tàbí àrùn tó lé àwọn ará ibẹ̀ lọ. Ahoro bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì, pàápàá nítorí ogun tó jà káàkiri ilẹ̀ yìí kí Ogun Kírìjì (1877 sí 1893) tó parí. Àgbẹ̀ kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ ọ́n. Á rí ọ̀pẹ tó dúró wọ́jọ, á rí pèrègún àti akòko níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́, á sì rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti àyíká lọ. Ẹ mọ̀ pé iṣu a máa ta dáadáa nírú ibẹ̀. Kì í ṣe iwin ló ń ṣe é. Eérú ààrò, egungun ẹran, ìgbẹ́ ewúrẹ́, èèpo iṣu, gbogbo ohun tí àwọn ìyá ilé dà sí ààtàn láti ìran dé ìran ló jẹrà síbẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé irú ààtàn yìí gan-an ni iṣẹ́ wọn. Awalẹ̀pìtàn ni à ń pè wọ́n. Àwọn ènìyàn rò pé wúrà tàbí ère ni wọ́n ń wá kiri. Ère dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ mọ̀ ni pé: kí ni àwọn ará ibí jẹ lálẹ́? Kí ni wọ́n gbìn? Irú ilé wo ni wọ́n sùn sí? Wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ ṣáláńgá. Tírówẹ̀lì kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọ́n á máa ṣí ilẹ̀ ní ipele ipele bí ẹni ń ṣí ewé ara mọ́ínmọ́ín, torí pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ló pẹ́ jù. Èédú ni wọ́n fi ń mọ ọdún. Igi tó wà láàyè a máa fa ohun kan láti inú afẹ́fẹ́. Bí a bá ti gé e, ohun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Wọ́n á wọn èyí tó ṣẹ́ kù nínú èédú, wọ́n á sì mọ ìgbà tí igi náà kú.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ àpáta kan nítòsí Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ihò Eléérú ni orúkọ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Iwo Eleru ni wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n bá egungun ènìyàn tó ti lò ju 11,000 ọdún lọ nínú ilẹ̀, wọ́n sì ṣa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ń sọ pé igbó ìhín ṣófo kí ọba àkọ́kọ́ tó tẹ̀dó, kò tíì gbọ́ nípa Ìsàrun.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ìgbà tí Ilé-Ifẹ̀ wà nínú ògo rẹ̀, láàárín ọdún 1000 sí 1400. Ní àkókò yẹn ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọlọ́lá ń gbé inú ilé olódi, àwọn jagunjagun wọn ń gẹṣin, àgbẹ̀ wọn sì ń gbé inú ahéré tí wọ́n fi koríko bò, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wa.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àwọn orí idẹ tí wọ́n rí ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé, àti àwọn ère idẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá pàdé ní Ìta Yemòó ní 1957, níbi tí Frank Willett ti wá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní tèmi o, ohun tó jọ mí lójú ju orí idẹ lọ ni ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Àwọn ará Ifẹ̀ a máa kó àpáàdì jọ, wọ́n á nà wọ́n ró ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tò wọ́n tímọ́tímọ́ bí egungun ẹja, nígbà mìíràn wọ́n á fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí i kó lè lẹ́wà. Ojú ọ̀nà àti àgbàlá ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀. Òjò á rọ̀, ẹrẹ̀ kò ní sí. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n máa tẹ́ ẹ nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Nígbà tí Peter Garlake gbẹ́ ilẹ̀ Ọbalára àti ti Wóyè Àsírí ní 1971 àti 1972, ó rí i pé wọ́n tilẹ̀ ri ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ náà fún ètùtù. Ẹ rò ó wò: ìkòkò fọ́, wọn kò jù ú nù. Àwa ńkọ́, tí ọ̀rá àti ike kún ojú gọ́tà wa?

Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 2017, Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí Igbó Olókun ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000. Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yọ́ gíláàsì rẹ̀, wọn kò rà á lọ́wọ́ ará òkèèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àgbàdo nìyí. Kí amọ̀kòkò tó sun ìkòkò, ó máa ń yí nǹkan lára rẹ̀ kó lè ní ọnà, kó má sì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìṣàn-Èkìtì mọ ohun tí mò ń wí. Láyé àtijọ́, okùn lílọ́ tàbí igi tí wọ́n fín ni wọ́n ń yí lára amọ̀ tútù. Nígbà tó yá, wọ́n rí ohun tí kò ná wọn ní nǹkan kan: ṣùkù àgbàdo. Ojú ṣùkù a sì máa hàn ketekete lára àpáàdì, ihò wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Àgbàdo kì í ṣe ti ilẹ̀ wa o. Amẹ́ríkà ló ti wá. Lẹ́yìn tí Columbus dé ọ̀hún ní 1492 ni ọkọ̀ ojú omi gbé irúgbìn rẹ̀ kọjá òkun, ó sì dé etíkun wa láàárín 1500 sí 1600. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ M.D.W. Jeffreys jiyàn títí pé ojú ṣùkù lára àpáàdì Ifẹ̀ fi hàn pé àgbàdo ti wà níbí ṣáájú Columbus. Willett yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìwé kan tó kọ ní 1962. Lónìí, ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń lò bí òṣùwọ̀n ni pé àpáàdì tó bá ní ojú ṣùkù kò dàgbà ju nǹkan bí ọdún 1500 lọ. Ẹni tí kò kàwé rárá lè fi ojú lásán mọ èyí.

Bí àgbàdo kò bá sí nígbà ayé Ifẹ̀ yẹn, kí ni kò tún sí? Kò sí ẹ̀gẹ́. Gàrí kò sí, láfún kò sí. Kò sí tòmátò, kò sí ọ̀dùnkún, kò sí ìbẹ́pẹ, kò sí tábà. Ọ̀pẹ òyìnbó, orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe dé. Ata tí à ń lọ̀ báyìí, rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀, Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Iyèré àti ataare ni tiwa. Kòkó tí ilẹ̀ Èkìtì fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì, lẹ́yìn 1800 ló tó wọ Nàìjíríà. Àwọn òyìnbó náà kò rí ànàmọ́ òyìnbó jẹ nígbà yẹn, torí láti Amẹ́ríkà kan náà ló ti bá wọn.

Ohun tó wà ni iṣu, ilá, ẹ̀wà, ọkà bàbà, epo pupa àti obì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí irúgbìn iṣu funfun sọ pé agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ iṣu igbó di iṣu oko. Ìyẹn kan àwa oníyán gan-an. Ìṣòro awalẹ̀pìtàn ni pé iṣu kì í fi ohunkóhun sílẹ̀, jíjẹrà ló ń jẹrà. Èèpo èkùrọ́ tó ti jóná ni kì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni kí wọ́n bi ìkòkò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ìṣaasùn se ọbẹ̀ mọ̀ pé bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, òórùn ọbẹ̀ àná kì í tán lára rẹ̀. Amọ̀ a máa mu ọ̀rá, kì í sì í tètè tu ú sílẹ̀. Julie Dunne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ẹ̀fọ́ àpáàdì díẹ̀ kúnná láti inú ìkòkò 73 tó jẹ́ ti abúlé àgbẹ̀ kan tó ti di ahoro, West Cotton. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: ẹran àgùntàn àti ti màlúù tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ewébẹ̀ bíi kábéèjì, àti wàrà. Ní 2021, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àpáàdì Nok ti àárín gbùngbùn Nàìjíríà, tí àwọn ará Jámánì láti Frankfurt gbẹ́ jáde. Nínú àpáàdì tó lé ní 450, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní ìda oyin. Àwọn kan nínú wọn ti lò tó 3,500 ọdún. Ẹ̀yin olóyin wa, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ yín ṣe pẹ́ tó.

Ohun kan tún wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo fẹ́ràn. Carenza Lewis ní kí àwọn ará abúlé fúnra wọn máa gbẹ́ ihò oníbùú mítà kan sí ẹ̀yìnkùlé wọn, kí wọ́n ka àpáàdì tí wọ́n bá rí ní ipele kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbẹ́ tó 2,000 ihò ní abúlé àti ìlú 55. Ní 2016 ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé àpáàdì tó wá lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 sí 1349 fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 dín sí ti ìṣáájú. Ènìyàn tí ń lo ìkòkò ti kú lọ. Gérard Chouin, tó ń bá àwọn ọmọ wa ṣiṣẹ́ ní Ìta Yemòó, ti dábàá pé bóyá irú àrùn náà ló tú àwọn ìlú kan ká ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn mìíràn kò gbà. Èmi náà kò tíì gbà pátá, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni ẹ̀rí yóò ti wá, bóyá inú oko ẹnìkan nínú wa.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí. Àgbẹ̀ kan tí mo mọ̀ hú odindi ìkòkò jáde lóko rẹ̀. Oníṣòwò kan ra á lówó táṣẹ́rẹ́, ó ní bó bá rí òmíràn kó pe òun. Láàárín oṣù kan àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbẹ́ gbogbo ibẹ̀ jágajàga, wọ́n fọ́ èyí tó pọ̀, wọ́n da eérú àti èédú nù. Ìkòkò náà lọ, a kò sì lè mọ ẹni tó ni ín mọ́, tàbí ohun tó sè nínú rẹ̀. Katakata náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi í ro ilẹ̀ ahoro, ẹ ní kí wọ́n ṣíwọ́ níbi tí àpáàdì bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Òfin ọdún 1979 ló dá àjọ tí ń tọ́jú irú nǹkan báwọ̀nyí sílẹ̀, National Commission for Museums and Monuments. Òfin náà kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé máa walẹ̀ wá nǹkan àtijọ́ tà, tàbí kí wọ́n kó o kọjá ibodè láìgbàṣẹ. Bí ọkọ́ yín bá kan ère, odindi ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ilẹ̀ àpáàdì tí wọ́n tò, ẹ dúró. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀, torí inú yẹn ni ọbẹ̀ wà. Ẹ dá erùpẹ̀ padà lé e, ẹ fi igi sàmì síbẹ̀, ẹ sọ fún baálẹ̀, ẹ sì ránṣẹ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Àkúrẹ́ tàbí Ilé-Ifẹ̀, tàbí kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tó wà ládùúgbò yín. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò gba oko. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí oko kan tí wọ́n gbà nítorí àpáàdì.

Èyí tí ẹ ti jù sí ẹ̀gbẹ́ oko tẹ́lẹ̀, ẹ ṣa díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rántí ibi tó ti ṣa tirẹ̀. Ẹ mú ṣùkù àgbàdo kan àti amọ̀ tútù díẹ̀ dání. Ẹ yí ṣùkù náà lára amọ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáàdì, kí ẹ wo èyí tí ojú wọn bá jọra àti èyí tí kò jọ ọ́.