Kí Ló Dé Tí Rélùwéè Ò Dé Ìkògòsì?

Ọ̀rọ̀ ojú irin la ní lónìí.

Tó o bá wà ní Ìkògòsì tó o fẹ́ rí ojú irin, àfi kó o gba Ẹ̀fọ̀n àti Iléṣà dé Òṣogbo. Kò sí ojú irin kankan ní gbogbo Èkìtì.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ́ irin náà láti Èkó. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908. Ṣé ẹ rí i? Odò Ọya ni wọ́n ń wá lọ. Ẹni tó bá ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n rí mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí rélùwéè ń gùn wẹ́rẹ́. Kòkó tiwa wá di ẹrù lọ́rí, owó ọkọ̀ ń jẹ lára èrè àgbẹ̀.

Ibi tó dùn mí nìyí. Irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní 2021, fẹ̀ ní mìlímítà 1,435. Ti àtijọ́, 1,067 ni. Ọkọ̀ tuntun ò lè gorí irin àtijọ́ láéláé! Mọ́níyà ló ń já ọ sí. Bọ́ọ̀sì ló kù.

Àwọn kan ní kí wọ́n sáà fà á dé Èkìtì. Wọn ò ka òkè sí. Lójú tèmi, Òṣogbo ni ká kọ́kọ́ pariwo lé lórí, torí ó ti wà nínú ètò Èkó sí Kánò.

Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí, fi ohùn ránṣẹ́: èló lo san láti Mọ́níyà dé Arámọkọ?