Ewé Ìyeyè Nínú Ìkòkò Àgbo

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìlobùú, ìlú Erinlẹ̀ olódò, àti ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, àwọn ará Íńdíà ní ewéko kan, shatavari, tí wọ́n fi ń tọ́jú ìyá ọlọ́mọ. Àwa ní ìyeyè. Ta ni kò jẹ èso rẹ̀ rí nígbà èwe? Ewé rẹ̀ ni àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ń sè fún abiyamọ, kí ibi ọmọ lè tètè jáde.

Ẹ gbọ́ o: àwọn olùwádìí ti fún eku olóyún ní omi ewé yìí, oyún sì bàjẹ́. Aláboyún, mo bẹ̀ yín, ẹ má mu ún! Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń dà lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má dúró ti ìkòkò àgbo. Ẹ gbé ìyá ọmọ lọ sí ọsibítù kíákíá. Òṣogbo kò jìnnà.