Kì í ṣe Lọ́yà, Àmọ́ Ìwé Ọwọ́ Rẹ̀ Lè Gba Sójà Là

 

Tí a bá gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan wọ iṣẹ́ sójà ní Amẹ́ríkà, ìbọn ló kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ àwọn sójà kan wà tó jẹ́ pé ìwé àti òfin ni iṣẹ́ wọn. Paralegal ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́yà. Nínú Army, 27D ni nọ́ńbà iṣẹ́ náà. Sójà gidi ni wọ́n o. Wọ́n máa ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo sójà ń gbà, kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ òfin ní Fort Lee, ní ìpínlẹ̀ Virginia.

Kí ló yẹ kí wọ́n mọ̀? Àkọ́kọ́ ni òfin àwọn ológun, tí wọ́n ń pè ní UCMJ. Ọdún 1950 ni wọ́n buwọ́ lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Ẹ jẹ́ ká mú apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, Article 15, ká fi wo bí iṣẹ́ yìí ṣe rí.

Ká ní sójà kékeré kan ń pẹ́ débi iṣẹ́ lemọ́lemọ́. Article 15 fún ọ̀gá rẹ̀ láṣẹ láti fìyà jẹ ẹ́ láì gbé e lọ sí kóòtù. Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá tó ga ló dá ẹjọ́ náà, bíi major sókè, ó lè gba ìdajì owó oṣù rẹ̀ fún oṣù méjì, kó fi iṣẹ́ àfikún ọjọ́ 45 kún un, kó sì já ipò rẹ̀ wálẹ̀. Fún ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Paralegal ló máa ń tọ́jú ìwé ẹ̀sùn náà, DA Form 2627. Ó gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn bí òfin ṣe là á sílẹ̀, kí orúkọ àti ọjọ́ má sì ṣì. Inú ìwé yẹn náà ni ẹ̀tọ́ sójà wà. Ó lè dákẹ́. Ó lè mú ẹlẹ́rìí wá. Ó lè rí lọ́yà láì san kọ́bọ̀, wákàtí 48 ni wọ́n sì sábà máa ń fún un láti ronú sí i. Ó lè ní òun ò gba Article 15, kóòtù ni kí wọ́n gbé òun lọ. Bí wọ́n bá sì ti fìyà jẹ ẹ́, ó ní ọjọ́ 5 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Paralegal tó bá fo ẹ̀tọ́ kan nínú ìwé ti ran òṣìkà yẹn lọ́wọ́ nìyẹn.

Àmọ́ ìmọ̀ tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé kéèyàn mọ ibi tí ẹnu òun mọ. Sójà yẹn lè bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fọwọ́ sí i?" Ó lè mọ ìdáhùn o, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lọ́yà nìkan ló lè gbani nímọ̀ràn lórí òfin. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó darí rẹ̀ sí Trial Defense Service, níbi tí àwọn lọ́yà tí kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá sójà náà wà. Ohun tó bá sì rí nínú fáìlì, kò gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ WhatsApp.

Kì í ṣe ẹjọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe. Sójà tó ń lọ sókè òkun máa ń fẹ́ fún ẹnì kan láṣẹ lórí ohun ìní rẹ̀. Ìwé àṣẹ kan wà tó jẹ́ fún nǹkan kan péré, bíi kí wọ́n bá a ta mọ́tò. Òmíràn wà tó kó gbogbo nǹkan pọ̀, títí kan owó báńkì. Paralegal tó bá gbé èyí tí kì í ṣe wá lè sọ sójà di aláìní kó tó dé. Òfin SCRA náà ń bẹ: gbèsè tí sójà ti jẹ kó tó wọṣẹ́, tó bá kọ̀wé béèrè, èlé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 6% lọ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ sójà lè máa san ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò bá sẹ́ni tó là wọ́n lóye, àwọn paralegal sì máa ń bá wọn tọ́jú ìwé tó yẹ.

Tí iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ múra sí ìdánwò ASVAB dáadáa. Apá tí wọ́n ń pè ní CL ni wọ́n ń wò fún un, 105 ni ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó ní green card lè wọ iṣẹ́ sójà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú. Torí náà, ẹ béèrè, ẹ sì rí i pé 27D wà nínú àdéhùn yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ka gbogbo ojú ìwé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú ìwé ẹlòmíràn, ó yẹ kó kọ́kọ́ ka tiẹ̀ dáadáa.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ronú àtiwọṣẹ́.