Nígbà Tí Oúnjẹ Bá Di Bárakú

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún àwọn mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin ní Ìbẹ̀fun, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú)

  

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin Álífà, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. A ti gbọ́ wàásù púpọ̀ lórí ọtí, sìgá àti igbó. Ẹni tí ọtí bá ti di bárakú fún, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ ti di bárakú fún, a ó máa kí i ni pé ara rẹ̀ ń dán, pé ọwọ́ rẹ̀ ti ba owó. Ìdí nìyí tí àìsàn rẹ̀ fi máa ń jinlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Kí ni à ń pè ní bárakú oúnjẹ? Ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adùn oúnjẹ kì í ṣe èèwọ̀. Ebi máa ń dé díẹ̀díẹ̀, ohunkóhun tí a bá sì rí jẹ ni yóò lé e lọ: ẹ̀bà ni o, iṣu ni o. Ìyánhànhàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni í máa ń fẹ́. Bí a bá gbé iṣu síwájú rẹ̀, yóò ní bisikíìtì ni òun ń wá. Ẹni tí ó ti yó tán, tí ó tún ń jẹ títí inú fi ń ro ó. Ẹni tí ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀ kí ará ilé má baà rí i. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó ṣe ìpinnu ní òwúrọ̀, tí ó sì da ìpinnu náà nù kí ilẹ̀ tó ṣú: àwọn ni mo ń bá wí. Títóbi ikùn kọ́ ni àmì rẹ̀. Àwọn ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ọjọ́ kan kò lè kọjá lórí wọn láìmu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò.

N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ tí ó yẹ kí a pè é. Ní 2009, Ashley Gearhardt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe ìwé ìbéèrè kan tí a fi ń díwọ̀n bárakú oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún ìwé atọ́nà wọn ṣe ní 2013, àjẹjù tí ènìyàn kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn. Wọn kò lo orúkọ bárakú. Orúkọ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ohun tí àjẹjù ń fi ojú ara rí, kò sí iyàn nínú rẹ̀.

Bí adùn bá dé ẹnu, ọpọlọ a máa tú ohun kan jáde tí wọ́n ń pè ní dopamine, èyí tí ó ń kọ́ ara pé kí ó tún padà sí ibi tí ó ti rí adùn náà. Ohun tí a po ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń ta ọpọlọ jí ju iṣu sísè lọ. Ní 2019, Kevin Hall, onímọ̀ kan ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Ó kó ènìyàn 20 sí ojú kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń jẹ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, oúnjẹ tí a fi ọwọ́ sè láti inú ohun tútù ni. Ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá tí ó wà nínú ohun tí a gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù jẹ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n wà lórí oúnjẹ ẹ̀rọ, wọ́n fi nǹkan bíi 500 kálórì jẹ lójoojúmọ́ ju ti ìgbà tí wọ́n wà lórí oúnjẹ tí a fi ọwọ́ sè lọ, wọ́n sì sanra sí i ní nǹkan bíi kílò kan. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn jẹ ẹ́.

Bóyá ẹnìkan nínú wa yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a padà sílé nígbà náà. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà níhìn-ín, wọ́n wọn ti àwọn ará Kamẹrúùnù, wọ́n wọn ti àwọn ará erékùṣù Jamáíkà àti àwọn erékùṣù mìíràn, wọ́n sì wọn ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀bá Chicago ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 ènìyàn, 16 ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni! Bí ara ṣe ń wúwo sí i láti ibì kan dé ibòmíràn ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé "ó wà nínú ìdílé wa" kí ó sì ká ọwọ́ gbera. Ohun tí ó wà nínú ìdílé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú àwo ni ó máa ń jí i.

Oúnjẹ tí àwọn baba wa ń jẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí kò sì burú. Ewùrà tí a rin tí a fi ẹja gbígbẹ se ìkọ́kọrẹ́, kò sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó bá wa dá sí i. Gààrí Ìjẹ̀bú tí ó kan dáadáa, omi tútù àti ẹja díndín ni wọ́n fi ń mu ún. Ta ni ó kọ́ wa pé kí a ju hóró ṣúgà márùn-ún sí i? Gààrí fúnra rẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni, ṣúgà ni yóò sì dà nínú ara. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ní láti máa wọ̀n ọ́n, kí ó tó wá di pé a tún bu ṣúgà lé e. Lónìí, ọjà kò sí tí kò dé ọ̀dọ̀ wa láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí láti ọ̀nà Ìtọ́kin: núùdù, bisikíìtì, ohun mímu oríṣiríṣi nínú ike. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní yóò dára bí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ kò bá ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Ìgò kólà kékeré kan tí a fi ṣúgà ṣe lè ní tó mẹ́sàn-án. Ìjọba fi owó orí ₦10 lé lítà kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ ní 2022, ṣùgbọ́n ₦10 kò lè lé bárakú lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ilé ìnáwó. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ahun sí àlejò, ohun ìyìn sì ni. Ní Iléyá, kí ọjọ́ Ojúde Ọba tó pé, ìyẹn ayẹyẹ tí àwọn mùsùlùmí fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ fún àyè tí a fún wọn láti ṣe ẹ̀sìn wọn, ẹran ti yí gbogbo ilé po. Ìyá àgbà tí a mọ̀ pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà yóò ní ó tó, a ó sì ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ kò jẹun o, àbí ọbẹ̀ wa kò dùn ni?" Ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ń pa á lára. Kí a gbà fún àlejò tí ó bá sọ pé òun yó. Ẹ má sì ṣe fi ẹni tí ó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo. Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ yóò lọ jẹun ní ìkọ̀kọ̀, ibẹ̀ gan-an ni bárakú ti ń gbilẹ̀.

Bí rọpárọsẹ̀ bá wá kọlu ènìyàn lẹ́yìn ọdún, a ó ní wọ́n ta á lọ́fà ni. A ó wá orúkọ ọ̀tá láàárín ẹbí, ìjà yóò sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni náà lè má tíì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ni, kì í pariwo. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà a máa fi ìdákẹ́jẹ́ ba ojú jẹ́, a ba kíndìnrín jẹ́, a sì sọ egbò kékeré ẹsẹ̀ di ohun tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ sí. Mo bẹ̀ yín, kí a tó fi ẹ̀sùn kan ará ilé, kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè iye magí àti iyọ̀ tí ó ń wọ inú ìkòkò wa.

Àwa mùsùlùmí kò ṣàìní ìmọ̀ràn lórí èyí. Súúrà Al-A'ráàf, ní ẹsẹ 31, yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa, ó sì ka àpọ̀jù léèwọ̀. Ànábì (s.a.w.) pẹ̀lú kọ́ wa pé bí ọmọ Ádámọ̀ bá gbọ́dọ̀ jẹun dáadáa, kí ó dá ikùn sí mẹ́ta, kí ó fi ìdá kan sílẹ̀ fún èémí. Síbẹ̀, ẹ wo ìṣínu wa. Ẹni tí ó fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ láti ìdájí títí di ìgbà tí oòrùn wọ̀ ti fi hàn pé òun lè ṣe é. Láàárín wákàtí kan, ó ti jẹ àkàrà, ọ̀gì aládùn, ìrẹsì àti ẹran, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú Ìmáàmù. Súnnà ni kí a fi dàbínù àti omi ṣínu, kí a kírun Màgàríbà, kí a tó padà sídìí oúnjẹ. Àǹfààní rẹ̀ hàn: ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú kí ọpọlọ tó gbọ́ láti inú ikùn pé oúnjẹ ti dé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìpinnu nìkan. Kí ohun tí ó ń bá a jà má wọ ilé. Ohun tí kò sí ní àká, ọwọ́ kì í dé ibẹ̀ lóru. Kí ó jẹun nílé kí ó tó lọ sí òde ìnáwó. Kí ó máa dín ṣúgà àti iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ahọ́n yóò kọ́ bí a ti ń rí adùn nínú èyí tí ó kéré. Kí ó sọ fún ẹnìkan nínú ilé, ìyàwó tàbí ọmọ, kí wọ́n lè bá a ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pàápàá abẹ́rẹ́ insulin, ẹ lọ rí dókítà yín kí Ramadáànì tó wọlé, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀. Oògùn tí a lò láìjẹun lè fa ṣúgà wálẹ̀ débi tí ènìyàn yóò fi dákú. Bí ó bá ní kí ẹ má gbààwẹ̀, Ọlọ́hun ti fún aláìsàn láyè nínú Súúrà Al-Bàkárà. Ẹ má jẹ́ kí ojú àwọn aládùúgbò tì yín láti gbà á.